Ìbò tí Nàìjíríà kò dì: àríyànjiyàn lórí ààlà Palẹstínì ní Ìgbìmọ̀ Ààbò, oṣù Kejìlá ọdún 2014

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2014, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò ní New York lórí àbá ìpinnu kan tí Jọ́dánì gbé wá lórúkọ àwọn ará Palẹstínì. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ nawọ́ pé àwọn fara mọ́ ọn: Jọ́dánì, Ṣáínà, Rọ́ṣíà, Faransé, Luxembourg, Chad, Chile àti Ajẹntínà. Méjì lòdì sí i, Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà. Márùn-ún ní àwọn kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni: Ìlú Ọba, Lithuania, Gúúsù Kòríà, Rùwáńdà àti Nàìjíríà. Ìbò mẹ́sàn-án ni àbá náà nílò kó tó lè yege. Ẹyọ kan ló kù.

Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí ọwọ́ wa ló wà títí di ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Ohun tó sì jẹ́ kó dùn mí ni pé Ààrẹ kan náà àti aṣojú kan náà ló ti nawọ́ fún Palẹstínì lẹ́ẹ̀mejì kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú àbá náà, torí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jiyàn lé e lórí nílé ni kò kà á. Ó ní kí Ísírẹ́lì àti Palẹstínì parí ìjíròrò àlàáfíà láàárín ọdún kan. Ó ní kí àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì máa kúrò díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́dún 1967, kí wọ́n sì ti kúrò pátápátá kí ọdún 2017 tó parí. Lórí ààlà, ó ní kí wọ́n gbé e ka ìlà ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1967, pẹ̀lú pàṣípààrọ̀ ilẹ̀ tí kò pọ̀, tó dọ́gba, tí ìhà méjèèjì sì fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Jerúsálẹ́mù á jẹ́ olú ìlú fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ó mẹ́nu ba àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn, ó sì fàyè sílẹ̀ kí àwọn ará ìta wá dúró láàárín fún ètò ààbò.

Ìlà wo ni wọ́n ń jà lé lórí?

Ìlà tí gbogbo ayé ń pè ní ti 1967, ọdún 1949 ni wọ́n fà á. Nígbà tí ogun àkọ́kọ́ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó yí i ká rọlẹ̀, Ísírẹ́lì bá Íjíbítì àti Jọ́dánì jókòó ní erékùṣù Rhodes, wọ́n sì fa ìlà sí ibi tí ọmọ ogun oníkálùkù bá ara wọn. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fi fà á sórí máàpù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìlà Àwọ̀ Ewé. Jọ́dánì di apá ìwọ̀ oòrùn odò Jọ́dánì mú (Ìwọ̀ Oòrùn Jọ́dánì ni màá máa pè é), pẹ̀lú ìlà oòrùn Jerúsálẹ́mù níbi tí ìlú àtijọ́ wà. Íjíbítì di Gásà mú. Bó ṣe wà nìyẹn títí di oṣù Kẹfà ọdún 1967, nígbà tí Ísírẹ́lì gba méjèèjì nínú ogun ọjọ́ mẹ́fà. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ pé ìlà ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ tó ṣáájú ogun yẹn ni wọ́n ń sọ.

Ilẹ̀ náà kò tóbi. Ìwọ̀ Oòrùn Jọ́dánì fẹ̀ tó nǹkan bí 5,650 kìlómítà níbùú-lóròó, ó ju ìpínlẹ̀ Èkó lọ, kò sì tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Gásà kò ju 365 lọ. Ẹni tó bá mọ bí Èkó ṣe há tó yóò mọ̀ ìdí tí wọ́n fi ń bá ara wọn fa òkè kan ṣoṣo tàbí kànga kan ṣoṣo.

Ẹjọ́ Ísírẹ́lì lórí ìlà yìí kì í ṣe ẹjọ́ òfìfo, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé kò sí. Wọ́n ní ìlà náà kò fìgbà kan jẹ́ ààlà. Ìlà ìdáwọ́-ogun-dúró lásán ni, àdéhùn ọdún 1949 pẹ̀lú Jọ́dánì fúnra rẹ̀ sì sọ pé kò pinnu ibi tí ààlà ìkẹyìn yóò wà. Wọ́n ní bí ènìyàn bá dúró létí òkun ní Netanya, ilẹ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ìlà náà kò ju nǹkan bí kìlómítà 15, àti pé láti orí àwọn òkè Ìwọ̀ Oòrùn Jọ́dánì ni ènìyàn ti ń wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí Tel Aviv àti pápákọ̀ òfurufú ńlá wọn wà. Wọ́n tún ní ènìyàn ti pọ̀ jù níbẹ̀: nígbà tí ìbò náà wáyé, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó ń gbé nínú àwọn ìletò tí wọ́n kọ́ sí Ìwọ̀ Oòrùn Jọ́dánì ti ju 350,000 lọ, yàtọ̀ sí nǹkan bí 200,000 ní ìlà oòrùn Jerúsálẹ́mù. Lọ́dún 2004, Ààrẹ George W. Bush kọ lẹ́tà sí Ariel Sharon, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, pé pẹ̀lú àwọn ìlú ńlá tí Ísírẹ́lì ti kọ́ síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè retí kí gbogbo nǹkan padà sí ìlà 1949 gẹ́gẹ́ bó ṣe wà.

Ẹjọ́ Palẹstínì kúrú, ó sì wúwo jù lójú tèmi. Gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso níbẹ̀ kí ọdún 1948 tó dé, ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni Ìwọ̀ Oòrùn Jọ́dánì àti Gásà. Láti ọdún 1988 tí wọ́n ti kéde orílẹ̀-èdè wọn ní Algiers tí wọ́n sì gbà kí orílẹ̀-èdè méjì wà, wọ́n ti fi ìdá 78 yòókù sílẹ̀. Wọ́n wá ń bi ayé pé: nígbà tí a ti gbà láti gba ìdá 22, kí ló dé tó fi jẹ́ pé inú ìdá 22 yìí náà ni wọ́n tún ń gé kúrò ní gbogbo ìgbà tí a bá jókòó? Ní ti àwọn ìletò, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague ti sọ lọ́dún 2004, nígbà tó ń dáhùn ìbéèrè lórí ògiri tí Ísírẹ́lì ń mọ, pé kíkọ́ wọn lòdì sí òfin. Ohun tí wọ́n fi ipá gbìn sórí ilẹ̀ kò yẹ kó wá di ẹ̀rí pé ilẹ̀ náà ti di tẹni tó gbìn ín.

Pàṣípààrọ̀ ilẹ̀ ni ọ̀nà tí àwọn onílàjà rí gbà láàárín ẹjọ́ méjèèjì. Ísírẹ́lì á mú àwọn ìletò ńlá tó sún mọ́ ìlà, á sì fi ilẹ̀ mìíràn láti ìhà tirẹ̀ dí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, Ààrẹ Bill Clinton dá a lábàá pé kí Palẹstínì gba ìdá 94 sí 96 Ìwọ̀ Oòrùn Jọ́dánì, kí wọ́n sì fi ìdá 1 sí 3 kún un láti inú Ísírẹ́lì. Lọ́dún 2008, Ehud Olmert, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, gbé máàpù kan síwájú Mahmoud Abbas, ààrẹ àwọn ará Palẹstínì, níbi tó ti fẹ́ mú nǹkan bí ìdá 6.3, kó sì fi 5.8 dí i, pẹ̀lú ọ̀nà tó máa so Gásà pọ̀ mọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Jọ́dánì. Ìdá 1.9 ni Abbas fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ ara wọn tó! Àlàfo tó wà láàárín 1.9 àti 6.3, tí ènìyàn bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bí 250 kìlómítà níbùú-lóròó ni. Àmọ́ inú àlàfo yẹn gan-an ni Ariel wà, ìlú tí Ísírẹ́lì kọ́ wọnú ilẹ̀ náà lọ ju kìlómítà 15 láti orí ìlà, àti Ma'ale Adumim tó wà ní ojú ọ̀nà láti Jerúsálẹ́mù sí Jẹ́ríkò. Ẹni tó bá mú méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Olmert kò jẹ́ kí Abbas mú máàpù náà lọ sílé; Abbas fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á sórí bébà. Ẹ̀sùn owó ti wà lọ́rùn Olmert nígbà náà, kò pẹ́ tó fi kúrò lórí àlééfà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá náà gba pàṣípààrọ̀ kékeré lẹ́nu aṣojú Qatar. Nítorí náà, ìlà tó wà nínú àbá Jọ́dánì kì í ṣe ohun tuntun rárá. Èrò tó ti wà lórí tábìlì láti ọjọ́ pípẹ́ ni, èyí tí Barack Obama fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, pé kí ààlà dá lórí ìlà 1967 pẹ̀lú pàṣípààrọ̀ tí ìhà méjèèjì gbà. Inú bí Benjamin Netanyahu, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, sí i lọ́jọ́ yẹn, ó ní Ísírẹ́lì kò lè dáàbò bo ara rẹ̀ lẹ́yìn irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá àwọn ará ilé sọ níbí. Nílẹ̀ Yorùbá, agboolé kan náà ni Alhaji àti JP (onígbàgbọ́ tó ti rìnrìn àjò àdúrà lọ sí Jerúsálẹ́mù) ń gbé, wọ́n sì ń jẹun ọdún ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ Palẹstínì bá ti délẹ̀, kálukú a sáré lọ sẹ́yìn ẹ̀sìn rẹ̀ kó tó wo máàpù. Bẹ́ẹ̀, ìhà Palẹstínì lórí ìlà yẹn ni ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn JP wa ń lọ gbàdúrà wà. Ibẹ̀ ni Bẹ́tílẹ́hẹ́mù wà. Ibẹ̀ ni Jẹ́ríkò wà. Ibojì Olúwa nínú ìlú àtijọ́ àti Òkè Ólífì, ìlà oòrùn Jerúsálẹ́mù ni wọ́n wà, gẹ́gẹ́ bíi mọ́ṣáláṣí Al-Aqsa. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ sí ilé ìjọsìn ìbí Jésù ń gba abẹ́ ògiri gíga kọjá, àwọn sójà á sì wò wọ́n kí wọ́n tó wọlé. Àwọn onígbàgbọ́ tó ti wà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Beit Jala àti Beit Sahour láti ìran dé ìran, ọmọ Palẹstínì ni wọ́n, wọ́n sì mọ bí ìlà yìí ṣe kàn wọ́n tó. Ẹ̀sìn kò lè bá wa yan ààlà yìí. Máàpù ni ká kọ́kọ́ wò.

Bí àbá náà ṣe dé iwájú Ìgbìmọ̀

Ọdún 2014 burú. John Kerry, akọ̀wé ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ti fi oṣù mẹ́sàn-án lọ, ó fi bọ̀ láàárín ìhà méjèèjì, ìjíròrò náà sì fọ́ ní oṣù Kẹrin. Ogun bẹ́ ní Gásà ní oṣù Keje, kò sì dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ. Àwọn ará Palẹstínì tó kú lé ní 2,100. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó kú lé ní 70, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ogun. Lẹ́yìn ogun yẹn ni Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í mira. Ilé aṣòfin Ìlú Ọba dìbò 274 sí 12 ní oṣù Kẹwàá pé kí ìjọba wọn gba Palẹstínì ní orílẹ̀-èdè. Sweden gbà á ní tirẹ̀ kí oṣù yẹn tó parí. Ilé aṣòfin Faransé náà dìbò ní oṣù Kejìlá, 339 sí 151.

Àwọn ará Palẹstínì rí i pé ojú ọjọ́ ti yí padà, wọ́n sì ronú pé kí Ìgbìmọ̀ Ààbò fi gbèdéke sí ọ̀rọ̀ náà nísinsìnyí. Jọ́dánì ni orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó wà nínú Ìgbìmọ̀ lọ́dún yẹn, òun ló sì gbé àbá náà sílẹ̀ ní àárín oṣù Kejìlá. Faransé ń gbìyànjú láti kọ èyí tó rọ̀ díẹ̀, tí gbogbo ènìyàn lè gbà. Kò bọ́ sí i. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìbò, wọ́n tún àbá náà kọ, wọ́n fi àwọn ọ̀rọ̀ tó le kún un, títí kan ọ̀rọ̀ lórí ìlà oòrùn Jerúsálẹ́mù àti ògiri. Èyí jẹ́ kí àwọn tó ń ṣiyè méjì fà sẹ́yìn, mo sì rò pé àṣìṣe ni ní ìhà Palẹstínì.

Àṣìṣe wọn kejì tóbi jù ú lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2015, orílẹ̀-èdè márùn-ún ń kúrò nínú Ìgbìmọ̀, márùn-ún mìíràn ń wọlé. Ọsirélíà, Rùwáńdà àti Gúúsù Kòríà ń lọ. Malaysia, Venezuela àti Àǹgólà ń bọ̀, àwọn tó ti ń bá Palẹstínì rìn tipẹ́. Ká ní wọ́n dúró di ọjọ́ méjì péré, ó dájú pé ó máa rọrùn láti rí ìbò mẹ́sàn-án. Abbas kò dúró. Àwọn ènìyàn rẹ̀ nílé ti ń bínú pé ó ń lọ́ra jù, ó sì ti ṣèlérí pé ọdún náà kò ní parí kó tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀.

Ní ìhà kejì, Ísírẹ́lì ti wọ ìgbà ìdìbò. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, Netanyahu lé Tzipi Livni àti Yair Lapid kúrò nínú ìjọba rẹ̀, wọ́n sì dá ìdìbò sí oṣù Kẹta ọdún 2015. Amẹ́ríkà ní àsìkò kọ́ nìyí, pé gbèdéke tí ènìyàn bá ti ìta gbé wá kò lè mú àlàáfíà wá, àti pé ohun tí ìhà kan ṣoṣo fẹ́ ni àbá náà kún fún. Samantha Power, aṣojú wọn, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn náà.

Ìbò kẹsàn-án

Àwọn kan máa ń sọ pé ìbò Nàìjíríà kò lè yí ohunkóhun padà, nítorí Amẹ́ríkà ní agbára fítò. Bí àbá bá tilẹ̀ rí ìbò mẹ́sàn-án tàbí mẹ́rìnlá, tí ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó ní ìjókòó ayérayé bá sọ pé rárá, ó ti parí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí àbá kò bá rí ìbò mẹ́sàn-án, rárá tí Amẹ́ríkà sọ kì í ṣe fítò, ó kàn jẹ́ ìbò kan láàárín àwọn ìbò. Bí ó bá rí mẹ́sàn-án, Amẹ́ríkà nìkan ló pa á, gbogbo ayé ló sì máa rí i. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, lórí àbá tó bẹnu àtẹ́ lu àwọn ìletò, orílẹ̀-èdè 14 nawọ́ fún un, Amẹ́ríkà nìkan ló fítò rẹ̀, ó sì tì í lójú. Ní ìparí ọdún 2014, Amẹ́ríkà, Jọ́dánì, Saudi Arabia àti àwọn Lárúbáwá mìíràn jọ ń bá ẹgbẹ́ agbésùmọ̀mí ISIS jà lójú òfurufú. Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí irú fítò bẹ́ẹ̀ tún wáyé níṣojú wọn. Ohun tí ìbò tí a kò dì ṣe nìyẹn: ó gba Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ìtìjú, ó sì jẹ́ kó dà bí ẹni pé ayé fúnra rẹ̀ ló kọ ìlà náà.

Nàìjíríà wà lára àwọn 14 ọdún 2011 yẹn. Goodluck Jonathan ni Ààrẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Joy Ogwu sì ni aṣojú wa ní New York. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2012, nígbà tí Àpérò Gbogbogbòò gba Palẹstínì wọlé gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè tó ń wòran láìjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, Nàìjíríà wà lára àwọn 138 tó fara mọ́ ọn. Orílẹ̀-èdè Benin náà wà níbẹ̀. Tógò ní tirẹ̀ jókòó sáàárín. Ìpinnu ọjọ́ yẹn sọ̀rọ̀ ààlà tó wà ṣáájú 1967 láìfi bò. Tí a bá lọ sẹ́yìn, Nàìjíríà ti gé àjọṣe pẹ̀lú Ísírẹ́lì lọ́dún 1973 lábẹ́ Gowon, ó gba Palẹstínì ní orílẹ̀-èdè lọ́dún 1988, ó sì tún bá Ísírẹ́lì dọ́rẹ̀ẹ́ padà lọ́dún 1992 láìfi èkejì sílẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì kó sì mọ ibi tí ààlà wà.

Kí ló wá yí padà láàárín ọdún 2012 àti 2014? Jonathan lọ sí Ísírẹ́lì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ó tún lọ fún àdúrà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014. Boko Haram ti kó àwọn ọmọbìnrin Chibok lọ ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, Netanyahu sì pè é láti sọ pé Ísírẹ́lì ṣe tán láti bá wa wá wọn. Àárín àwa àti Amẹ́ríkà kò gún. Ní oṣù Kọkànlá, aṣojú wa ní Washington, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebowale Adefuye, jáde ní gbangba láti fẹ̀hónú hàn pé wọn kò fẹ́ ta ohun ìjà tí a lè fi ja ogun náà fún wa. Ìdìbò ààrẹ tiwa náà ti dé tán, wọ́n ti dá a sí oṣù Kejì ọdún 2015. Ààrẹ tó ń wá ohun ìjà àti ìbò lójú méjèèjì ni tẹlifóònù náà bá.

Ìròyìn ìgbà náà sọ pé Kerry pe Jonathan, Netanyahu náà sì pè é. Àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́yìn àbá náà sọ pé títí di bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ìgbà tí wọ́n dìbò, ohun tí Nàìjíríà ń sọ fún wọn ni pé òun máa fara mọ́ ọn. Wọ́n ti mọ̀ pé Rùwáńdà, Gúúsù Kòríà àti Ọsirélíà kò ní bá wọn lọ. Nàìjíríà ni wọ́n gbọ́kàn lé. Lẹ́yìn ìbò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogwu ṣàlàyé pé ìjíròrò láàárín ìhà méjèèjì ló lè mú àlàáfíà dé. Lọ́jọ́ kejì, Netanyahu dúpẹ́ ní gbangba lọ́wọ́ Paul Kagame, Ààrẹ Rùwáńdà, àti Jonathan, ó ní àwọn méjèèjì fúnra wọn ṣèlérí fún òun pé àwọn kò ní fara mọ́ ìpinnu náà, wọ́n sì dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn.

Láti ẹnu Netanyahu ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ ìdí tí orílẹ̀-èdè tiwa fi dìbò bó ṣe dì í. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Tí ìjọba wa bá rò pé ìrànwọ́ Ísírẹ́lì lórí Boko Haram ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ láti ọdún 1988, kí wọ́n jáde wá sọ ọ́ fún wa. A lè jiyàn rẹ̀. Mo tilẹ̀ lè rí bí òbí kan ní Borno ṣe máa fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n láti sọ pé nítorí ìjíròrò ni, nígbà tó jẹ́ pé ìjíròrò ni àbá náà ń pè fún, tó sì fi ọdún kan sílẹ̀ fún un, kò bá ohun tó wà nínú ìwé náà mu.

Ọ̀rọ̀ ààlà kò ṣàjèjì sí wa. Ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ló gé Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ kúrò lára Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá, a sì gbà á bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gbogbo orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe fẹnu kò ní Kairo lọ́dún 1964 pé kí kálukú dúró lórí ìlà tó bá nílẹ̀. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé sọ lọ́dún 2002 pé Kamẹrúùnù ló ni Bakassi, ó dùn wá, a sì fi sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ nítorí òfin ní ẹnu láti sọ fún ẹlòmíràn pé kó ṣe bákan náà. Ẹnu yẹn gan-an ni a pa mọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá.

Ohun tó tẹ̀lé e

Lọ́jọ́ kejì ìbò náà, Abbas fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Róòmù, Palẹstínì sì di ọmọ ẹgbẹ́ Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn lágbàáyé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2015. Ísírẹ́lì fi ìbínú dá owó bodè tó ń bá Palẹstínì gbà dúró. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Palẹstínì ló wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò oṣù Kẹta, wọ́n bi Netanyahu bóyá kò ní sí orílẹ̀-èdè Palẹstínì bí òun bá tún wọlé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì wọlé. Ìjíròrò tí wọ́n ní ká dúró dè kò wáyé. Jonathan fìdí rẹmi nínú ìdìbò tiwa ní òpin oṣù kan náà, sáà Nàìjíríà nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò sì parí pẹ̀lú ọdún 2015.

Lẹ́yìn ọdún kan, ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ọ̀rọ̀ ìlà náà tún padà dé. Íjíbítì ló kọ́kọ́ gbé àbá tuntun wá, ọ̀pọ̀ ìpè sì dé bá wọn láti Ísírẹ́lì àti láti ọ̀dọ̀ Donald Trump tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn. Íjíbítì fà á sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 23, orílẹ̀-èdè mẹ́rin gbé e dìde padà: Malaysia, New Zealand, Venezuela àti Senegal. Wọ́n dìbò, 14 fara mọ́ ọn, Amẹ́ríkà sì fi ọwọ́ sílẹ̀ láìfítò. Ìpinnu 2334 nìyẹn, tó sọ pé Ìgbìmọ̀ kò ní ka àyípadà kankan sí ìlà ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1967 sí, títí kan ti Jerúsálẹ́mù, àfi èyí tí ìhà méjèèjì bá fi ìjíròrò gbà.

Ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni Senegal, bíi tiwa, kò sì lágbára tó wa. Ísírẹ́lì pe aṣojú rẹ̀ kúrò ní Dakar, ó sì fagi lé àwọn ètò ìrànwọ́ tó ń ṣe fún wọn. Senegal kò yí ohùn padà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, níbi ìpàdé ECOWAS ní Monrovia, Netanyahu pàdé Ààrẹ Macky Sall, wọ́n sì fẹnu kò pé kí aṣojú Ísírẹ́lì padà sí Dakar. Oṣù mẹ́fà péré ni ìjà náà gbà.